Owó Tó Lé Lórí Ọkọ̀ Asáré: Ṣé Ó Tọ́ Kí A San Án?

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ owó-yíyá sọ níbi ìpàdé ìparí ọdún ẹgbẹ́ wa ní Accra

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, àwọn kan ti ń sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ láti oṣù mélòó kan. Ó yá kí a sọ ọ́ ní gbangba, kí ó má baà di ìjà láàárín wa.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa, tí ó ń ta fóònù, kọ ìwé sí wa pé kí ẹgbẹ́ yá òun lówó láti fi kún owó ọkọ̀. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó fún wa láyè pé kí a fi ọ̀rọ̀ òun kọ́ ara wa lẹ́kọ̀ọ́. Ọdún mẹ́rin ni ó fi ń tọ́jú owó. Owó náà tó ra Mercedes-Benz C300 tí ẹlòmíràn ti lò rí, irú èyí tí ó kún gbogbo Accra. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. C63 S ni ó ń fẹ́. Ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ṣùgbọ́n eré sísá ni wọ́n ṣe C63 fún, iye tí wọ́n sì ń dá lé e ju ìlọ́po méjì ti èkejì lọ. Owó tó lé náà ni ó ní kí a yá òun. Ohun tí ó wá mú ọ̀rọ̀ gbóná ni pé ilẹ̀ tí ó rà sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó ti fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ sórí rẹ̀, ni ó fẹ́ fi dógò.

Ìgbìmọ̀ pín sí méjì. Àwọn àgbà ní ìrànlọ́wọ́ ni a torí rẹ̀ dá owó yìí jọ, kì í ṣe fàájì. Àwọn ọ̀dọ́ ní ọmọ náà kò jalè, kò lu jìbìtì, ó sì lè san gbèsè. Bí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ kò bá gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ta ni yóò gbádùn rẹ̀? Nígbà tí ariwo pọ̀, a rí i pé kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó tilẹ̀ ti wọ ọkọ̀ tí a ń jà lé lórí rí. A ní kí a lọ fi ojú rí i kí a tó dájọ́.

Ẹni mẹ́ta nínú wa bá a lọ ní ọjọ́ Sátidé kan. Àwọn ọkọ̀ méjèèjì jẹ́ ti ọdún 2016. A wọ C300 lọ, a sì wọ C63 bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: C63 dùn. Nígbà tí awakọ̀ tẹ̀ ẹ́ lórí Motorway tó lọ sí Tema, ọ̀kan nínú wa tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mú, ó ké "Yéè!", ó sì bú sẹ́rìn-ín. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìlara ni, tàbí pé ohun tí ojú wa kò rí ni a ń bú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí owó tó lé náà rà. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ àwọn tó ṣe é, ẹ́ńjìnnì C300 jẹ́ lítà 2, sílíńdà 4, agbára ẹṣin 245 ní ìwọ̀n àwọn ará Jámánì. Ti C63 S jẹ́ lítà 4, sílíńdà 8, agbára ẹṣin 510. Bí méjèèjì bá gbéra láti ojú kan, C300 yóò dé 100 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5.9. C63 S yóò dé e láàárín 4. Ìyàtọ̀ wọn kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹ ka ení, èjì, ó ti tán.

Lẹ́yìn 100 yẹn ńkọ́? Òfin ìrìnnà Gánà ti ọdún 2012 ní kí ọkọ̀ má kọjá 50 láàárín ìlú, kí ó má kọjá 90 lójú ọ̀nà ìlú sí ìlú, kí ó má sì kọjá 100 lórí Motorway. Motorway yìí, tí wọ́n ṣí ní 1965 nígbà ìjọba Nkrumah, kìlómítà 19 péré ni gígùn rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń fi ẹsẹ̀ sọdá rẹ̀ lójoojúmọ́. Níbi tí ọkọ̀ asáré bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ hàn, ibẹ̀ gan-an ni òfin ti ní kí ó dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, láti Kaneshie dé Circle, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, C63, C300 àti tròtrò, ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn. Bí ọkọ̀ bá sì sáré kọjá bí ó ti yẹ, táa ni yóò san gbèsè fún àwọn tí ó bá kọlù? Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.

Ohun kejì ni bíbọ́. Ẹni tí ó bá ra ẹṣin ti ṣe èyí tó rọrùn. Koríko rẹ̀ ni iṣẹ́. Epo Super tí ó wọ́pọ̀ ní Gánà, octane 91 ni. Ìwé tí ó bá C300 wá ń bèèrè 95, èyí tí àwọn ilé epo kan ń tà ní Accra pẹ̀lú owó gegere. Ti C63 ń bèèrè 98. Bí epo kò bá tó bí ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ti ń fẹ́, ó máa ń jó ṣáájú àsìkò rẹ̀ nínú sílíńdà. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ yóò wá dín agbára kù kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́. Ìyẹn ni pé a ó san owó agbára ẹṣin 510, epo kò sì ní jẹ́ kí a rí gbogbo rẹ̀ lò.

A tún lọ sí Abossey Okai. Àwọn tí a bèèrè lọ́wọ́ wọn ní àwọn ní ẹ̀yà ara C300 lóríṣiríṣi, tuntun àti àlòkù. Nígbà tí a dárúkọ bíréékì àti ẹ̀yà ara gíá C63, wọ́n ní a ó kọ́kọ́ sanwó ná kí àwọn tó ránṣẹ́ sí Dubai tàbí Jámánì. Dọ́là ni wọ́n fi ń ka irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹ kò tíì gbàgbé ọdún 2022, nígbà tí sídì wó lulẹ̀, tí ọ̀wọ́n ọjà sì dé 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń mú sídì wọlé, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ń jẹ dọ́là, ó ti fi ara rẹ̀ sáàárín ọmọ odó àti odó.

Ìjọba pàápàá mọ ẹ́ńjìnnì ńlá lójú. Ní oṣù Kẹjọ 2018, wọ́n dá owó orí ọkọ̀ olówó-ńlá sílẹ̀ ní Gánà. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá jẹ́ 2,950 cc sí 3,549 ń san 1,000 sídì lọ́dún. 3,550 sí 4,049 ń san 1,500. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ń san 2,000. C63 yìí, tí ó jẹ́ 3,982 cc, ìbá san 1,500. C300, tí ó jẹ́ 1,991 cc, kò ní san kọ́bọ̀. Nígbà tí ọdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ní oṣù Keje 2019, mínísítà ètò ìnáwó ní àwọn fagi lé owó orí náà. Ó ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò lọ: ohun tí ó bá yọrí ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni ojú agbowó-orí kọ́kọ́ ń rí.

Arákùnrin wa ní òun fẹ́ gbé e relé ní ọdún Kérésìmesì, kí bàbá òun rí i. Èyí wọ̀ wá lára, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀nà wà fún un: àdéhùn ECOWAS ti 1979 fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ ara ẹni láti wọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ fún 90 ọjọ́, ìwé adójútòfò Brown Card, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 1982, sì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ la Tógò àti Benin kọjá. Ṣùgbọ́n láti Aflao dé Sẹ̀mẹ̀, ẹnubodè mẹ́ta ni, ẹ sì mọ bí wọ́n ti ń wo ọkọ̀ tó ń dún bí àrá. Lẹ́yìn ẹnubodè, kòtò àti gẹ̀gẹ̀lẹ̀ ń dúró de ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó wúwo jù, òun sì ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Accra New Town tí ẹ ń gbé yìí, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó máa lọ. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí àti Èjìgbò, tí wọ́n ti ṣòwò níhìn-ín láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀. Ẹni tí ó ti kọ́lé sílé rí ibi gbé ẹrù sọ̀. Ẹni tí kò kọ́ di àlejò ní ìlú bàbá rẹ̀. A kò sọ èyí láti dá ìjà àtijọ́ sílẹ̀, nítorí ní oṣù Kìíní 1983 ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà jáde. Ayé ti yí padà, a ń gbé pọ̀ ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ọkọ̀ ń gbó lójoojúmọ́ tí a bá ń wà á, ó sì ń gbó bí a bá gbé e sílẹ̀. Kò yẹ kí a fi ohun tí kì í gbó ra ohun tí ń gbó.

Nítorí náà, a kò yá a. A sì ti fọwọ́ sí i pé láti ìsinsìnyí lọ, ìgbìmọ̀ kò ní gba ilẹ̀ tàbí ilé tí a ń kọ́ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ògo fún owó ọkọ̀ tí kì í ṣe ọkọ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ọkọ̀ asáré. Bí o bá fẹ́ rà á, bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́rin. Èkíní, ṣé èrè ni mo fẹ́ fi rà á, àbí owó ọjà? Èkejì, lẹ́yìn tí mo bá sanwó rẹ̀ tán, ṣé owó táyà, bíréékì àti epo ọdún kan wà nílẹ̀ lọ́tọ̀? Ẹ̀kẹta, bí ó bá dúró sójú kan fún oṣù mẹ́ta nítorí ẹ̀yà ara, ṣé owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yóò dúró pẹ̀lú rẹ̀? Ẹ̀kẹrin, ṣé mo ti fi nọ́ńbà oníwọ̀n 17 ara ọkọ̀ náà wádìí bóyá ó ti forí gbá rí ní òkè òkun, tí mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á sì ti yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹni tí ó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa, kí ó rà á, kí ó sì wá gbé wa káàkiri. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Arákùnrin wa bínú. Ìpàdé méjì ni kò wá. Ní ìpàdé kẹta ó gbé C300 wá, ó ní òun ti ṣírò iye tí òun ìbá máa san fún wa lóṣooṣù, iye náà ni òun sì ń fi ránṣẹ́ sí bíríkìlà ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí. Ilé náà ti dé ojú fèrèsé. A bi í bóyá ó ṣì ń fẹ́ C63. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, mo ṣì ń fẹ́ ẹ gan-an." Bàbá tó di fìlà mú lọ́jọ́sí dá a lóhùn pé, "Èmi náà ń fẹ́ ẹ. Kan ilé lórule ná."

Kí Ọlọ́run fún wa ní owó, kí ó fún wa ní làákàyè tí a ó fi ná an. Kí ó má jẹ́ kí a fi ọkọ̀ pàdé ikú. Àjò yóò yẹ wá, a ó sì relé ire o.