Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́

Bóyá inú dáńfó lẹ ti ń gbọ́ mi ni o, tàbí ẹ̀ ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni mo gbé wá lónìí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé òfin Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nínú àkókò iṣẹ́? Kì í ṣe ojú àánú ọ̀gá o. Òfin ni. Ó wà nínú Labour Act, abala 54, láti àwọn ọdún 1970, kí wọ́n tó bí èmi àti ọ̀pọ̀ nínú yín. Mo bi èèyàn mẹ́fà léèrè lọ́sẹ̀ yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀. Ọkùnrin sì ni, ìyàwó rẹ̀ ni lọ́yà.

Obìnrin kan wà tí a jọ ń ṣe fídíò níbi iṣẹ́ kan tí mo ti kúrò. Ẹ má bi mí lórúkọ ibẹ̀. Nígbà tó padà dé lẹ́yìn ìbímọ, inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló ti ń fún omi ọyàn rẹ̀ sínú ike, á fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀kùn torí pé kọ́kọ́rọ́ ti bàjẹ́. Ó gbé ike náà sínú fíríìjì, ẹnì kan bá kọ ọ́ sórí gúrúùpù WhatsApp pé kí ẹni tó ni "mílíìkì" yẹn wá gbé e kúrò. Wọ́n ń fi ẹ̀rín sí i. Láti ọjọ́ kejì, kúlà ló ń gbé wá láti ilé. Kó tó pé oṣù karùn-ún, ó ní omi ọyàn ti gbẹ.

Ọyàn kì í dúró de kí ìpàdé parí. Bí omi inú rẹ̀ kò bá jáde, á le, á máa dunni, ara á sì dín èyí tó ń ṣe kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu omi ọyàn nìkan fún oṣù mẹ́fà. Lífù tí Labour Act fún ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yẹn.

Ti owó náà ńkọ́? Ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́fà léraléra níbi iṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ nígbà lífù kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì. Ìdí nìyẹn tí kọ́ńtíráàtì oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n ń fún àwa ọ̀dọ́ kì í fi í dùn mọ́ mi nínú.

Ìjọba Èkó ti ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀ láti 2014: oṣù mẹ́fà fún ìyá, ọjọ́ mẹ́wàá fún bàbá, lórí ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ìjọba àpapọ̀ náà fún bàbá ní ọjọ́ iṣẹ́ 14 ní 2022. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn ṣá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́, ẹ béèrè kí ẹ tó bu ọwọ́ lu ìwé: lífù ìbímọ yín mélòó? Yàrá wo ló wà fún ìyá ọmọ? Ìlẹ̀kùn tó tì, àga, sọ́kẹ́ẹ̀tì, àyè kékeré nínú fíríìjì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní stúdíò wa, yàrá tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ la lò. Ó wà lórí kàlẹ́ńdà: aago mọ́kànlá àti aago méjì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kanlẹ̀kùn. Tí ètò wa bá pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, ẹ ti mọ̀dí.

Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, ẹ sọ bí tibi iṣẹ́ yín ṣe rí. Ẹ má dárúkọ ọ̀gá o. Ó dìgbà.