Àlejò Lábẹ́ Igi Sakura

Ẹ̀yin ará, nígbà tí a ń gbé ní ilẹ̀ Jàpáànì, a rí ìgbà ìrúwé wọn. Ní Tokyo, bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí Oṣù Kẹta, igi tí wọn ń pè ní sakura a máa tanná kí ó tó rú ewé. Ẹwà rẹ̀ kì í ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ó tó rẹ̀ dànù. Nítorí náà ni tọmọdé tàgbà fi ń yára tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀, láti jẹ àti láti mu.

Lójoojúmọ́ ni a ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. A sì ń tẹrí ba kí ènìyàn, èyí tí kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ ojú irin, àyè ẹ̀gbẹ́ wa a máa ṣófo, nígbà tí àwọn mìíràn wà lórí ìdúró. Ó dùn wá.

Ní ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan lábẹ́ igi sakura rí wa ní àwa nìkan. Ó sún, ó fi ọwọ́ lu ẹní, ó bu tíì fún wa. A kò gbọ́ èdè ara wa, síbẹ̀ omi bọ́ lójú wa.

Nígbà tí a padà sílé, a rántí àwọn àlejò tí ń jókòó lẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí a kò béèrè orúkọ wọn rí. Ẹ̀yin ará, ìtànná kì í pẹ́ lórí igi, bẹ́ẹ̀ ni àlejò kì í pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a tètè sún fún un lórí ẹní.