Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ìdánrawò Ìṣirò fún Ìdánwò GRE

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, tí wọ́n sì ń fẹ́ lọ kàwé sí i ní Amẹ́ríkà. Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní GRE ni ó dúró bí oníbodè ní ẹnu ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wọn fẹ́ gbà wọlé, apá ìṣirò inú rẹ̀ ni ó sì ń dẹ́rù bà wọ́n jù. Ẹni tí ó ka ìmọ̀ òfin tàbí ìtàn lè ti fi ìṣirò sílẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti jáde ní sẹ́kọ́ndìrì. Ojijì ni yóò rí i pé ohun tí òun ti sá fún láti ọdún mẹ́wàá tún ti padà wá pàdé òun.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Owó ìdánwò yìí lé ní 200 dọ́là, bí wọ́n bá sì ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó ju owó oṣù ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ. Ẹlòmíràn wà tí gbogbo ẹbí dá owó jọ fún, tí kò sì sí ẹni tí yóò tún dá a lẹ́ẹ̀kejì bí ti àkọ́kọ́ bá ṣòfò. Nítorí náà, kí ènìyàn tó san kọ́bọ̀, kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó ń fẹ́ ṣì ń béèrè fún un, nítorí láti 2020 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, tí àwọn mìíràn sì ṣì ń gbà á. Ẹni tí ó bá ṣe é, èsì rẹ̀ yóò wúlò fún ọdún márùn-ún.

Ní 1936 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà pẹ̀lú yunifásítì mẹ́rin: Harvard, Yale, Princeton àti Columbia. Àjọ ETS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, ni ó wá gba ìṣàkóso rẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án 2023 ni wọ́n ti dín in kù: ìbéèrè ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 27 péré, 12 ní ìpín kìíní fún ìṣẹ́jú 21, àti 15 ní ìpín kejì fún ìṣẹ́jú 26. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe sí ní ìpín kìíní ni kọ̀ǹpútà yóò fi mọ bí ìpín kejì yóò ṣe le tó. Èsì tí ó kéré jù jẹ́ 130, èyí tí ó ga jù sì jẹ́ 170. Àròpọ̀ àti àyọkúrò, áljẹ́brà, jọ́mẹ́tírì, àti kíka àtẹ ìsọfúnni ni ó wà níbẹ̀. Kò sí èyí tí ó ju ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ndìrì lọ nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò sì wà lójú kọ̀ǹpútà fún ẹni tí ó bá nílò rẹ̀.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó ń gbé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ṣubú? Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń béèrè ọ̀rọ̀ ni. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: oníṣòwò kan fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó aṣọ rẹ̀, nígbà tí ọjà kò tà, ó yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò. Èló ni aṣọ náà wá jẹ́ sí ti tẹ́lẹ̀? Ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn kíá pé ó ti padà sí iye tí ó wà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí aṣọ náà bá jẹ́ náírà 100 níbẹ̀rẹ̀, ó ti di 120; ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ti 120 jẹ́ 24; ohun tí ó kù ni 96. Ìdá àkọ́kọ́ jẹ́ ti 100, ìdá kejì jẹ́ ti 120. Akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n kò bi ara rẹ̀ pé, “Ìdá ti kí ni?”

Irú rẹ̀ náà ni ti awakọ̀ tí ó fi eré kìlómítà 60 ní wákàtí kan lọ ìrìn kìlómítà 120, tí ó sì fi eré 40 padà. Ẹni tí ó bá kánjú yóò da 60 pọ̀ mọ́ 40, yóò pín in sí méjì, yóò sì ní eré rẹ̀ ní ìpíndọ́gba jẹ́ 50. Ṣùgbọ́n wákàtí 2 ni ó fi lọ, wákàtí 3 ni ó fi bọ̀. Kìlómítà 240 ní wákàtí 5 jẹ́ 48. Àwọn tí ń gbé ìbéèrè kalẹ̀ mọ̀ pé 50 ni yóò wá sí ọkàn, ìdí nìyẹn tí 50 fi máa ń wà láàárín ìdáhùn tí wọ́n tò sílẹ̀.

Oríṣi ìbéèrè kan sì wà tí ó ṣàjèjì sí ẹni tí ó ṣe ìdánwò wa ní ilé. Wọn yóò gbé iye méjì kalẹ̀, wọn yóò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ bóyá ti kìíní ni ó pọ̀ jù, tàbí ti kejì, tàbí wọ́n dọ́gba, tàbí kò ṣeé mọ̀. Ká ní iye kìíní jẹ́ x tí wọ́n sọ di púpọ̀ fúnra rẹ̀, tí iye kejì sì jẹ́ x, tí wọ́n sọ pé x ju òdo lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi 2 dán an wò, yóò rí 4 àti 2. Yóò fi 3 dán an wò, yóò rí 9 àti 3. Yóò sì ké pé ti kìíní ni ó pọ̀ jù. Kò rántí 1, tí méjèèjì dọ́gba. Kò sì rántí ìdajì, tí ó di ìdá kan nínú mẹ́rin, tí ti kejì wá pọ̀ jù. Kò ṣeé mọ̀ ni ìdáhùn. Ẹni tí ó bá ń dán irú èyí wò, kí ó máa rántí òdo, oókan, ìdá, àti iye tí ó kéré sí òdo, níwọ̀n ìgbà tí ìbéèrè bá gbà á láyè.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ìdánrawò wà gan-an. Àwọn ọ̀dọ́ a máa ka iye ìbéèrè tí wọ́n ti ṣe bí ẹni ń ka owó, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ìbéèrè tí ènìyàn sáré kọjá lórí rẹ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún tí ó yanjú délẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ jìjàkadì fún ìṣẹ́jú kan, kí ó ṣí ẹ̀yìn ìwé, kí ó ka àlàyé, kí ó mi orí pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá bo ìwé náà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n fún un ní tákàdá òfìfo, ọwọ́ rẹ̀ yóò gan.

Kí ó ní ìwé kan fún àṣìṣe nìkan. Èyíkéyìí tí ó bá ṣì, kí ó kọ ìbéèrè náà sínú rẹ̀, kí ó sì kọ ìdí tí ó fi ṣì í ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Bóyá kò mọ òfin rẹ̀ ni. Bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n ó ṣi ìbéèrè kà. Bóyá ọwọ́ rẹ̀ ni ó yẹ̀ níbi àròpọ̀. Bóyá àkókò ni kò tó. Àìsàn wọ̀nyí kò jọ ara wọn, oògùn wọn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tí ó ń ṣi ìbéèrè kà, tí ó wá lọ ra ìwé òfin jọ́mẹ́tírì tuntun, ẹsẹ̀ ni ó ń dùn ún tí ó ń fi òróró pa orí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kí ó tún ìbéèrè náà ṣe láìwo àlàyé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ó tún un ṣe. Ìgbà tí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì láìkọsẹ̀ ni kí ó tó fa igi lé e.

Ní ti ìyára ọwọ́, ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá ti ní irinṣẹ́ kan nílé tí kò kà sí. Méjìdínlógún kì í ṣe 10 àti 8 ní ẹnu wa. Ogún ni, tí méjì dín nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ó sọ 18 di púpọ̀ ní ọ̀nà 25, kí ó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ: ogún lọ́nà 25 jẹ́ 500, méjì lọ́nà 25 jẹ́ 50, ó ku 450. Márùndínláàádọ́ta lọ́nà 12 jẹ́ 600 tí 60 dín nínú rẹ̀, èyí ni 540. Kí ẹni tí ó ń tẹ ẹ̀rọ ìṣirò tó tẹ̀ ẹ́ tán, onítọ̀hún ti lọ.

Àwọn kan sì ń sọ pé áljẹ́brà kì í ṣe ìmọ̀ tiwa. Inú èdè Lárúbáwá ni orúkọ náà ti jáde, láti ara àkọlé ìwé tí Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi kọ ní Bàgídáàdì ní nǹkan bí ọdún 820. Ó sọ níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà pé nítorí ohun tí àwọn ènìyàn nílò nínú ogún pípín, òwò, ẹjọ́ àti ilẹ̀ wíwọ̀n ni òun ṣe kọ ọ́. Ìbéèrè rẹ̀ kan lókìkí: nọ́ńbà wo ni wọn yóò sọ di púpọ̀ fúnra rẹ̀, tí wọn yóò fi ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ kún un, tí yóò jẹ́ 39? Ó ní kí wọ́n pín 10 sí méjì, ó di 5. Kí wọ́n sọ 5 di púpọ̀ fúnra rẹ̀, ó di 25. Kí wọ́n fi kún 39, ó di 64. Gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 8. Kí wọ́n yọ 5 kúrò, ó ku 3. Kò dúró síbẹ̀. Ó ya àwòrán onígun mẹ́rin láti fi hàn ìdí tí ọ̀nà náà fi tọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí ìdáhùn, tí kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò tíì parí ìbéèrè náà.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa àwọn tí ń ta ohun tí wọ́n ń pè ní ojúlówó ìbéèrè ìdánwò. Bí ó bá jẹ́ irọ́, owó ti lọ. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, olè ni, ETS sì lè fagi lé èsì ẹni tí ó bá fura sí, kódà lẹ́yìn tí ìwé ìgbaniwọlé ti jáde. Àjọ náà fúnra rẹ̀ ń pèsè odindi ìdánwò àpẹẹrẹ méjì lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, POWERPREP ni orúkọ rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe jẹ ẹ́ tán ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ó fi ọ̀kan mọ ibi tí ó wà, kí ó sì pa ìkejì mọ́ di bí ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ ìdánwò, kí ó ṣe é ní ìjókòó kan, láìsí tẹlifóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní yàrá ìdánwò, kò tó ìṣẹ́jú méjì tí ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá le, kí ó sàmì sí i, kí ó kọjá, nítorí ó lè padà sí i níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì kúrò nínú ìpín náà. Wọn kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Nítorí náà, bí ó bá ku ìṣẹ́jú kan, kí ó fi ìdáhùn kan sí gbogbo ibi tí ó ṣófo kí aago tó dá a dúró.