Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé Níbi Àjọ̀dún Ẹgbẹ́: Bí Wọ́n Bá Sọ Ọjà Wa Di Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

  Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń dé bá Agege wa yìí, kí n má sì pẹ́ jù, torí ìrẹsì ti jinná.

Gbogbo wa la rí fúláì ọ́fà Pen Cinema tí wọ́n ṣí ní 2021. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ láti Agbado dé Oyingbo náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá 2024, ó sì ń dúró ní Agege. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń já èrò, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í pẹ́ wọ́n. Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Rélùwéè tí òyìnbó là gba ibí lọ sí Ìbàdàn wà lára ohun tó sọ Agege di ọjà obì. Ibí ni wọ́n ti ń di obì sínú ọkọ̀ lọ sí òkè Ọya, ó sì wà lára ìdí tí àwọn Hausa fi pọ̀ láàárín wa. Nígbà yẹn, oko ló yí wa ká, ọjà ń fẹ̀. Nísinsìnyí, kò síbi tó máa fẹ̀ sí mọ́, àfi òkè. Onílé tó wà lẹ́bàá títì ń wó ilé ilẹ̀, ó ń fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rọ́pò rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, fúláàtì lókè.

Èmi ò sọ pé kò dáa o. Ẹni tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù, ìsàlẹ̀ ló máa sọ̀ kalẹ̀ wá ra ata lálẹ́. Èrò tó pọ̀, oníbàárà tó pọ̀ ni. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé, tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, ta ni wọ́n máa fún?

Ẹ wo Tejúoṣó ní Yaba. Iná jó ọjà yẹn ní oṣù Kejìlá 2007. Wọ́n wó o, ìjọba gbé e fún aládàáni láti tún kọ́, ó di oṣù kẹjọ 2014 kí wọ́n tó ṣí i. Ẹ bá mi kà á. Ọmọ tó ń parí ìwé mẹ́fà lọ́dún tí iná jó ti parí ìwé mẹ́wàá. Ilé náà rẹwà, kò sí irọ́ níbẹ̀, ó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù ti di mílíọ̀nù, ọ̀pọ̀ ìyá tó ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò lè san án. Ṣọ́ọ̀bù ṣófo nínú ilé, ọjà kún ẹ̀bá títì níta.

Kò yà mí lẹ́nu. Ta ló fẹ́ gun àtẹ̀gùn lọ ra ata rodo? Aránṣọ lè wà lókè, onídìrí lè wà lókè, oníbàárà wọn á wá wọn lọ. Aláta, ẹlẹ́ja, oníṣu, ilẹ̀ ni tiwọn. Abọ́ ni mò ń tà, ẹni tó bá ti ru páálí abọ́ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rí á mọ ohun tí mò ń wí. Tí ẹni tó ń ya àwòrán ilé ò bá bi wá, ibo ló ti máa mọ̀? Ọ́fíìsì ló jókòó sí.

Ti iná náà ńkọ́? Ní Bálógun ní oṣù kọkànlá 2019, ilé gogoro ló jó, láàárín ojú ọ̀nà tó há. Ilé alájà 21 tó wó ní Ikoyi ní oṣù kọkànlá 2021 pa ènìyàn tó lé ní 40. Òfin ètò ìlú Èkó ti 2010 ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé gba ìwé àṣẹ. Ẹ máa béèrè ìwé náà kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò tíì kọ́. Kì í ṣe àfojúdi.

Ohun tí ìgbìmọ̀ wa fẹ́ bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ kò ju báyìí lọ: kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń tajà kí wọ́n tó wó ohunkóhun, kí wọ́n fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún ọjà tó ń bàjẹ́, kí wọ́n wá ibi tí a máa tà sí títí wọ́n á fi kọ́ ọ tán, kí wọ́n sì jẹ́ ká máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ lè dúró fún ọmọ ẹgbẹ́ lórí owó. Èyí tí ẹgbẹ́ ò lè ṣe ni kó bá ọ wá rìsíìtì.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Púpọ̀ nínú ìsọ̀ wa, orúkọ ìyá tó ti kú ló wà lórí ìwé, tàbí ti bàbá àwọn ọmọ. Òmíràn, ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ṣọ́ọ̀bù, wọn ò ní gbọ́ pé “ibí ni ìyá mi tajà sí.” Ẹ lọ tún orúkọ ṣe ní ọ́fíìsì ọjà nísinsìnyí tí ara tù wá, kẹ́ ẹ sì ṣe ẹ̀dà méjì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹgbẹ́.

Fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì. Ẹni tí rìsíìtì rẹ̀ ti ya, kó mú un wá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, ọmọ mi obìnrin jókòó síbẹ̀, á bá yín kọ ọ́.