Láti Òrè Dé Etí Òkun

Ní ọjọ́ kan mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìbéèrè kan. Mo ní, "Ta ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí òkun rí?" Ọmọ mọ́kànlélógójì ni ó jókòó níwájú mi, ọwọ́ méjì péré ni mo rí lókè, ọmọ Ìlàjẹ sì ni ọ̀kan nínú wọn. Ó yà mí lẹ́nu. Ọmọ Odigbó àti Òrè ni wọ́n, níbi tí ọkọ̀ Èkó, ti Benin, ti Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ń gbà kọjá tọ̀sán tòru. Kò sí bọ́ọ̀sì tí ń dúró jẹun ní Òrè tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òkun tí ó sún mọ́ wọn ju Èkó lọ, wọn kò mọ̀ ọ́n.

Mo wá sọ ìtàn Blackpool fún wọn. Nígbà tí mo lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta, ẹni tí mo wọ̀ sí ilé rẹ̀ mú mi lọ sí ìlú etí òkun náà. Oṣù Ògún ni, àwọn ni wọ́n sì pè é ní ìgbà oòrùn, ṣùgbọ́n ẹ̀wù òtútù ni mo wọ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Síbẹ̀, àwọn òyìnbó jókòó lórí àga aláṣọ, wọ́n kọjú sí òkun, wọ́n ń lá áísìkirimù! Mo rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ń gbé àwọn ọmọdé kiri lórí iyanrìn. Mo jẹ ẹja díndín pẹ̀lú pòtétò díndín. Mo sì ra súìtì gbọọrọ kan tí wọ́n kọ orúkọ ìlú náà sí inú rẹ̀: bí ó ti wù kí o lá a tó, orúkọ náà kò ní parẹ́ títí súìtì yóò fi tán. Ilé gíga onírin kan wà níbẹ̀ tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 518. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Ṣùgbọ́n afárá wọn ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Mẹ́ta ni. Wọ́n ri òpó mọ́ inú òkun, wọ́n tẹ́ pákó lé e, ìwọ yóò rìn títí, nígbà tí o bá dé òpin rẹ̀, omi ni. Kò sí òdìkejì! Ńṣe ni ìwọ yóò yí padà.

Ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ni ìlú náà ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Abúlé kékeré ni kí ọkọ̀ ojú irin tó dé ibẹ̀ ní ọdún 1846. Ní àwọn ìlú òwú ní Lancashire, wọ́n máa ń ti ilé-iṣẹ́ pa fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọọdún láti tún ẹ̀rọ ṣe, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Nígbà náà ni àdúgbò kan lè kó ẹrù tán, kí gbogbo wọn sì jọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí etí òkun. Ẹnikẹ́ni kò san owó ọ̀sẹ̀ náà fún wọn láyé ìgbà náà; ńṣe ni wọ́n ń dá àjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ọdún 1938 ni òfin ìsinmi tí a ń san owó lé lórí tó dé. Ìlú náà sì mọ odi tó lágbára sí ẹnu òkun, kí omi má baà gbé ilé lọ.

Àwọn ọmọ ní, "Tíṣà, ẹ mú wa lọ!" Blackpool kọ́? Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí, mo kó ọmọ méjìlá, a gba Òkìtìpupa lọ sí Igbókọ̀dá, níbẹ̀ ni a ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo rí i dájú pé olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì; ẹ̀yin òbí, ẹ má gbà kí ọmọ yín wọ ọkọ̀ láìsí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ iyanrìn láti tẹ̀, kí ó lọ sí Ararọ̀mí etí òkun. Ayétòrò ni àwa lọ, nítorí pé ìyá ìyá ọmọ Ìlàjẹ inú wa ń gbé níbẹ̀.

Afárá tí òyìnbó kọ́ fún fàájì, òun ni òpópónà àwọn ará ibẹ̀. Orí pákó ni wọ́n ń gbà lọ sọ́jà, orí pákó ni ọmọ ń gbà lọ sí ilé-ìwé. Ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ ìlú náà dó. Àpò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń kó owó iṣẹ́ wọn sí, wọ́n sì ní iná mànàmáná tiwọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ wa ṣì ń tan àtùpà. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ etí òkun ibẹ̀, kì í ṣe iyanrìn líle, ó sì lọ sílẹ̀ gan-an. Ìgbì ń bù ú jẹ lọ́dọọdún. Wọ́n gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etí omi náà jáde ní ọdún 2004, wọ́n tún gbé e jáde ní ọdún 2009, òkun kò sì yé wọlé. Bàbá kan na ọwọ́ sí ojú omi lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní, "Ilé bàbá mi nìyẹn." Àwọn ọmọ wò, wọn kò rí nǹkan kan.

Ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Tíṣà, ṣé òkun tòyìnbó kì í jẹ ilẹ̀ ni?" Mo ní ó ń jẹ ẹ́. Ní Brighton, afárá onírin tí wọ́n ṣí ní ọdún 1823, ìjì gbé e lọ ní ọdún 1896. Odi ni wọ́n ń mọ, bí ó bá sán, wọn a tún un mọ.

Bàbá náà ti ń gbọ́ wa. Ó ní, "Tíṣà, ta ni ń san owó odi wọn?"

Mo ní, "Ìjọba ni, Bàbá, láti inú owó orí tí wọ́n ń gbà."

Ó ní, "Àwa náà ń san án." Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi pé kí n tètè kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀, nítorí pé omi ti ń kún bọ̀.