Ìbéèrè Karùn-ún Nínú Àdúrà Olúwa

 

Ohun méje ni a máa ń béèrè lọ́wọ́ Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run nínú àdúrà tí Jésù fúnra rẹ̀ kọ́ wa. Bí a bá fara balẹ̀ wò wọ́n, a óò rí i pé mẹ́fà nínú wọn kò ní àdéhùn kankan nínú. A béèrè oúnjẹ òòjọ́, a kò ṣèlérí ohunkóhun. A béèrè pé kí Ọlọ́run yọ wá nínú ibi, a kò sì sọ ohun tí a óò fi san án fún un. Ìkarùn-ún nìkan ni ó yàtọ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń fi ẹnu ara wa dá ara wa lẹ́jọ́, nítorí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìdáríjì fún ọmọnìkejì wa ni a ní kí Ọlọ́run fi wọn tiwa fún wa. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ̀ láti dárí ji aládùúgbò rẹ̀, tí ó sì ń ka àdúrà yìí ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó má ṣe dárí ji òun. Ẹ̀rù yẹ kí ó bà wá níbẹ̀ ju bí ó ti ń bà wá lọ.

A mú ọ̀rọ̀ yìí wá sórí afẹ́fẹ́ nítorí ìlú tí a ń gbé.

Àwọn àgbà nínú yín mọ Dilimi, odò náà àti àdúgbò tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín tí ẹ bí sí Bukuru àti Rayfield lẹ́yìn wàhálà kò mọ̀ ọ́n, àfi bí orúkọ ibi tí wọ́n kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe dé. Odò yìí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ ń bu omi rẹ̀ ní ọ̀gbẹlẹ̀, tí kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti tòmátò fi ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí koríko orí òkè ti gbẹ. Láti ibẹ̀ ni omi náà ti ń ṣàn lọ síhà àríwá àti ìlà-oòrùn, títí yóò fi bá àwọn odò tí ń lọ sí adágún Chad pàdé. Tòmátò etí odò Dilimi ń dé inú ìkòkò Kristẹni lójoojúmọ́, a kò sì tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè ẹ̀sìn tí ó ń ṣe.

Ó pẹ́ tí àwọn baba wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà àti láti ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá ti ń bá òwò lọ sí Jos, nígbà tí ìwakùsà ń mú owó wọlé. Ojú irin tí ó gba Kafanchan wọ ìlú náà ní 1927 sì tún mú kí ìrìn-àjò yá sí i. Ìjọ wa pẹ̀lú, tí àwọn Fadá SMA kọ́kọ́ gbé wọ Shendam ní 1907, tí Jos sì di dáyósísì ní 1953, tí ó di ìjókòó Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ní 1994, àárín àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn ni ó ti dàgbà. Ní ayé ìgbà náà, ẹran Iléyá ń wọ ilé onígbàgbọ́, ìrẹsì Kérésì ń wọ ilé Mùsùlùmí. Láàárín àwa Yorùbá, kò tilẹ̀ nílò kí ó kọjá títì kí ó tó dé, nítorí inú ilé kan náà ni Mùsùlùmí àti Kristẹni ń gbé, wọ́n sì jẹ́ ọmọ ìyá.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 2001, iná ràn. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà, àjọ Human Rights Watch ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn bí ẹgbẹ̀rún kan ni ó kú, Kristẹni àti Mùsùlùmí. Ó tún bẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá 2008 lẹ́yìn ìbò ìjọba ìbílẹ̀, ó tún bẹ́ ní 2010. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2012, nínú àkókò Lẹ́ńtì, bọ́ǹbù bú ní ìjọ St. Finbarr ní Rayfield. A kò fẹ́ kà á tán. Ohun tí ó kù lẹ́yìn èéfín ni ó jẹ wá lógún: Kristẹni kó kúrò láàárín Mùsùlùmí, Mùsùlùmí kó kúrò láàárín Kristẹni, wọ́n ta ilé ní owó pọ́ọ́kú, àwọn mìíràn sì fi ilé ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó ń sá bọ̀ láti ìhà kejì.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní dárúkọ, nítorí àpẹẹrẹ lásán ni, ó sì lè bá ju ilé kan lọ mu. Baba kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́lé sí Dilimi. Mùsùlùmí ni, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ọkọ Kátólíìkì, ó gba ìrìbọmi, òun náà sì ń gbé nítòsí. Ní òru ọjọ́ tí iná ràn, obìnrin yìí kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá, ó sì kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wà nílé. Kò ṣí i. Àwọn tí ó gbé àdá wà ní ìta, ó sì rò pé bí wọ́n bá bá Kristẹni nínú ilé òun, àti òun àti àwọn ọmọ òun ni yóò bá a lọ. Obìnrin náà gba ọ̀nà mìíràn, Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ìsọ̀ rẹ̀ jóná. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n kò bẹ̀bẹ̀, àbúrò kò sì béèrè. Bí òkú bá ṣẹ̀ nílé, wọ́n a pàdé ní Ògbómọ̀ṣọ́, obìnrin náà a kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà, a sì fo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá. Ó ń gba Ara Olúwa ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá bi í, yóò ní, “Fadá, èmi kò bá a jà. Ṣé dandan ni kí n dárí ji ẹni tí kò bẹ̀ mí?”

Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí á fi ìkánjú dáhùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún 1981, Mehmet Ali Ağca yìnbọn lu Póòpù John Paul Kejì ní gbàgede St. Peter ní Róòmù. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, láti orí ibùsùn ilé ìwòsàn, Póòpù jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ pé òun ti dárí jì í. Kò dúró de ẹ̀bẹ̀ kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ọgbẹ́ náà kò tíì pé ọdún kan nígbà tí Póòpù yìí kan náà wá sí Nàìjíríà ní oṣù kejì 1982, tí ó sì dé Kaduna. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá 1983, ó lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Rebibbia, ó jókòó ti ẹni tí ó fẹ́ pa á, àwọn méjèèjì sì sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí ni èyí: nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, Póòpù padà sí Vatican, Ağca sì kù sínú ẹ̀wọ̀n. Ọdún 2000 ni ìjọba Ítálì tó fojú àánú wò ó, tí wọ́n sì dá a padà sí ilẹ̀ Tọ́kì, níbi tí wọ́n tún ti tì í mọ́lé títí di 2010. Ìdáríjì Póòpù kò já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ìjọba. Ọkàn Póòpù fúnra rẹ̀ ni ó tú sílẹ̀.

Nítorí náà, arábìnrin wa kò ní láti padà lọ gbé Dilimi kí á tó gbà pé ó ti dárí jì. Kò ní láti sọ pé ìsọ̀ tí ó jóná kì í ṣe nǹkan. Bí ó bá ní ẹjọ́ níwájú ìjọba, kí ó bá ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ ní láti dúró títí ìrora yóò fi tán, nítorí Ìwé Ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì ti 1992 kọ́ wa pé kò sí ní agbára wa láti má ṣe mọ ìrora ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ wá lára, tàbí láti gbàgbé rẹ̀. Ohun tí ó wà ní agbára wa ni kí á gbé ọkàn náà fún Ẹ̀mí Mímọ́, kí ó sọ ọgbẹ́ di ẹ̀bẹ̀ fún ẹni tí ó dá a sí wa lára.

Báwo ni a ti ń ṣe èyí? Ó rọrùn láti sọ, ó sì korò láti ṣe. Lẹ́yìn Rósárì ní alẹ́, kí ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Kí ó má ṣe gbàdúrà pé kí Olúwa yí i lọ́kàn padà, nítorí ẹ̀sùn ni irú àdúrà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́, a kàn wọ̀ ọ́ láṣọ ni. Kí ó béèrè pé kí ara ẹ̀gbọ́n le, kí ọjà rẹ̀ tà, kí àwọn ọmọ rẹ̀ yè. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, yóò dà bí ẹni ń jẹ orógbó. Kí ó máa jẹ ẹ́ lọ. Ọmọ tí a bí ní 2005 kò rí iná ọjọ́ náà, síbẹ̀ ó mọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí òun kò gbọdọ̀ kí. Láti ẹnu ta ni ó ti gbọ́ ọ?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n ṣí. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 2018, ní agbègbè Barkin Ladi, Imam Abubakar Abdullahi ti abúlé Nghar kó àwọn Kristẹni tí ó ju igba lọ pamọ́ sínú ilé rẹ̀ àti mọ́ṣáláṣí, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bẹ àwọn tí ó wá pa wọ́n. Àgbàlagbà ni, ó sì mọ̀ pé wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti orí òun. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Imam yìí na ẹ̀gbọ́n arábìnrin wa lẹ́gba. Ohun tí Imam ṣe ju ohun tí a lè fi dandan béèrè lọ́wọ́ ènìyàn lọ, ẹ̀rù kì í sì í ṣe ìkà nígbà gbogbo. Ẹni tí kò ṣílẹ̀kùn lè má tíì sùn dáadáa láti ọdún náà wá, kí ìtìjú sì jẹ́ ohun tí kò jẹ́ kí ó lè bẹ̀bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí kò ní dùn mọ́ gbogbo yín. A kò lè sọ ohun tí a ń gbọ́ níbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, a kò sì ní sọ ọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Ìjọ kì í ṣe àṣírí: ẹni tí ó kó ẹrù oníẹrù ní láti dá a padà, bí ó bá ṣeé ṣe. Kì í ṣe ìhà kan ṣoṣo ni wọ́n ti kó ẹrù ní Jos. Ẹni tí ó ra ilé Mùsùlùmí tí ó ń sá lọ ní ìdá mẹ́wàá iye rẹ̀, ìwé rẹ̀ lè pé lójú ìjọba. Ǹjẹ́ ó lè ka ìbéèrè karùn-ún náà tán kí ó sì lọ gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé? Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó lọ bá Fadá párìṣì rẹ̀ jókòó. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ṣeé dá padà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti kú láìsí ẹni tí ó mọ ọmọ wọn, ṣùgbọ́n ibi tí a lè dé kò ní jẹ́ òfo.

Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Ignatius Kaigama, tí ó darí Jos láti 2000 títí di 2019, kò dúró de ìgbà tí gbogbo ẹjọ́ yóò tán kí ó tó bá Emir Wase, Haruna Abdullahi, ṣọ̀rẹ́ ní gbangba. Ní 2011, Ìjọ dá ilé-iṣẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti ìlàjà sílẹ̀ ní Jos. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ìpàdé àwọn olórí kò lè ka Àdúrà Olúwa fún wa nínú yàrá wa.

Ní oṣù kọkànlá, a máa ń kọ orúkọ àwọn òkú wa sínú àpò ìwé, tí a ń gbé síwájú pẹpẹ. Baba tí ó kọ́lé sí Dilimi ti kú, nínú ẹ̀sìn Mùsùlùmí ni ó sì kú sí. Òfin Ìjọ ti 1983, ẹsẹ 901, fún àlùfáà ní àyè láti rú ẹbọ Mísà fún ẹnikẹ́ni, ìbáà wà láàyè, ìbáà ti kú. Kí arábìnrin wa kọ orúkọ Bàbá. Lẹ́yìn náà, kí ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, tàbí bí ohùn rẹ̀ kò bá tíì lè jáde, kí ó rán ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. Kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀: “Bọ̀dá, ẹ kú ilé. A óò rántí Bàbá nínú Mísà ní ọjọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Mo ní kí ẹ gbọ́ ni.”