Ìwé Wo La Fẹ́ Fi Lé Àlejò Lọ́wọ́?

Kí ẹgbẹ́ tó ra ìwé tí àlejò yóò máa mú gun Òkè Ìdànrè, ẹ jẹ́ ká tú u wò. Àwòrán rẹ̀ dára, mo gbà. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600, ó kọ ọ́. Ibi ìsinmi ńkọ́? Ṣé ó sọ pé àpáta máa ń yọ̀ lásìkò òjò? Wákàtí mélòó lèèyàn á fi dé ìlú àtijọ́ lókè, táá sì sọ̀ kalẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú? Èyí témi mú dání lọ́dún tó kọjá ò sọ ọ́. Iná fóònù la fi sọ̀ kalẹ̀, tàwa tọmọ kékeré. Ẹ̀dà méjì rèé. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò ká tó dìbò.